Processor tuntun tó ń gbóná dé 100 °C láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan

Kọ̀ǹpútà tí àkọsílẹ̀ yìí dá lé lórí jẹ́ èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tò pọ̀. Processor inú rẹ̀, ìyẹn ọpọlọ tó ń ṣe ìṣirò, ni Intel Core i7-12700K, socket LGA1700 (ibi tí processor ń jókòó sí) ló wà lórí motherboard rẹ̀ (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà so mọ́), cooler rẹ̀, ohun tó ń mú processor tutù, sì jẹ́ ti afẹ́fẹ́, onílé gogoro kan ṣoṣo tó ní ọ̀pá bàbà mẹ́rin àti fáànù 120 mm kan. Fáànù méjì wà níwájú àpótí tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, ọ̀kan wà lẹ́yìn tó ń tú u jáde. Tuntun ni gbogbo ẹ̀yà rẹ̀, kò sì sí èyí tó bàjẹ́ nínú wọn. Ó tàn ní ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, Windows wọ inú rẹ̀ láìsí wàhálà. Ẹ̀sùn kan péré ló wà lọ́rùn rẹ̀: bí wọ́n bá ti gbé iṣẹ́ tó wúwo lé e, fáànù á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, iṣẹ́ náà á sì máa falẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Inú yàrá tó wà ní 27 °C ni wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ kọ ooru yàrá sílẹ̀ kí ẹ tó kọ ohunkóhun mìíràn, torí kò sí cooler afẹ́fẹ́ tó lè mú processor tutù ju yàrá tó wà nínú rẹ̀ lọ. Orí nọ́ńbà yẹn ni gbogbo ìyókù dúró lé. Nínú BIOS, ìyẹn ojú ètò motherboard tó máa ń wà kí Windows tó wọlé, processor wà ní 53 °C. Ìyẹn nìkan kò yẹ kó kó ẹnikẹ́ni láyà sókè. Bí a bá wà nínú BIOS, processor kì í sinmi bó ṣe ń sinmi nínú Windows, nítorí náà iná tó ń jẹ níbẹ̀ máa ń pọ̀ ju ti ẹ̀rọ tó wà láìṣiṣẹ́. Ẹ má tìtorí nọ́ńbà inú BIOS tú cooler palẹ̀.

Nínú Windows, HWiNFO64, ètò tó ń ka ooru àti iná, ni wọ́n fi wò ó, ìlà mẹ́rin péré ni wọ́n sì tẹjú mọ́: Core Max (ooru core tó gbóná jù), CPU Package Power (iná tí processor ń jẹ, ní wáàtì), eré àwọn core (àwọn apá processor tó ń ṣe iṣẹ́), àti Core Thermal Throttling (bóyá ooru ti mú kó dín eré kù). Nígbà tí kò ṣe nǹkan kan, ó wà ní 43 °C pẹ̀lú 18 W. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tan Cinebench R23, ètò ìdánwò tó ń fi iṣẹ́ wúwo wọn agbára processor, sórí gbogbo core. Kí ìṣẹ́jú àáyá méjì tó pé, Core Max ti fò láti 43 dé 100 °C. Wáàtì kan 170 lẹ́ẹ̀kan, ó já wálẹ̀ sí 83, ó sì dúró síbẹ̀. Àwọn P-core (core tó lágbára jù) tó yẹ kó máa sáré ní 4.7 GHz bọ́ sí nǹkan bí 3.5 GHz, Core Thermal Throttling sì kọ Yes. Bí wọ́n ṣe dá ìdánwò náà dúró, ooru já bọ́ sí 50 °C kíá, bó ṣe yára gòkè náà ló ṣe yára wálẹ̀.

100 °C ni òpin tí Intel fún 12700K. Bó bá ti kàn án, processor fúnra rẹ̀ á dín eré àti iná kù kó má bàa kọjá ibẹ̀. Nítorí náà kò jóná, kò sì ní jóná lójijì. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni tó ra processor alágbára kò rí gbogbo agbára rẹ̀ lò.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìwádìí ti ń ṣìnà rèé: wọ́n á wo 100 °C, wọ́n á sì sáré lọ ra cooler tó tóbi jù. Ooru nìkan kò sọ ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ. Àfi kí ẹ kà á pọ̀ mọ́ wáàtì àti àkókò. Processor tó dé 100 °C nígbà tó ń jẹ 220 W lórí cooler kékeré kò ní àìsàn kankan, iná tí wọ́n ń rọ́ sí i ló pọ̀ ju ohun tí cooler lè gbé lọ. Èyí tó dé 100 °C nígbà tó ń jẹ 83 W péré, ooru rẹ̀ kò ráyè kúrò lára rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni àkókò: bí ooru bá ń gòkè díẹ̀díẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá kó tó dé òkè, inú àpótí ló há, tàbí fáànù ni kò fẹ́ tó. Bó bá fò dé òkè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ lórí wáàtì kékeré, tó sì já lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, a jẹ́ pé ìsàlẹ̀ cooler àti orí processor kò fara kanra dáadáa. Irin cooler wúwo, ó sì máa ń pẹ́ kó tó gbóná. Bí processor bá ti gbóná tán kí irin náà tó gbóná, ooru kò rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ dáadáa ni.

Síbẹ̀ wọ́n kọ́kọ́ yẹ àwọn ohun tó rọrùn wò. Ihò CPU_FAN ni wọ́n ki wáyà fáànù sí, ó sì ń yí ní ìgbà 1,500 ní ìṣẹ́jú kan. Ó ń fẹ́ gba àárín àwọn ewé irin kọjá sí ọ̀nà ẹ̀yìn àpótí bó ṣe yẹ. Bí ẹ kò bá dá ojú ọ̀nà fáànù mọ̀, ẹ̀gbẹ́ tí àwọn apá tó di ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ mú wà ni afẹ́fẹ́ ń gbà jáde.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí sílẹ̀. Ìdánwò yìí máa ń tan èèyàn jẹ. Processor tó ti ń dín eré kù á dúró sójú 100 °C yálà àpótí ṣí tàbí ó tì, torí ibi tó ń fẹ́ dúró sí gan-an nìyẹn. Wáàtì ni kí ẹ wò. Bí ó bá jẹ́ inú àpótí ló há, wáàtì tó lè jẹ kó tó kan 100 °C á gòkè dáadáa bí ẹ bá ti ṣí i. Níbí, láti 83 W ló bọ́ sí 84 W. Àpótí kọ́ ló fa ọ̀rọ̀.

Ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe ìdánwò kẹta. Pẹ̀lú ìṣọ́ra fún abẹ fáànù, wọ́n fi ìka kan àwọn ewé irin àti ọ̀pá bàbà nítòsí ìsàlẹ̀ cooler nígbà tí processor wà ní 100 °C. Ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Ká ní cooler ń gba ooru yẹn, ìsàlẹ̀ ọ̀pá bàbà wọ̀nyẹn kì bá ti ṣeé fọwọ́ dì mú pẹ́.

Kí wọ́n tó tú u, wọ́n wọn ìṣòro náà. Nínú BIOS, wọ́n gbé PL1 àti PL2 (gbèdéke iná fún iṣẹ́ tó ń bá a lọ àti fún ìgbà díẹ̀) sí 65 W, èyí tí cooler kékeré pàápàá lè gbé láìmí gule, wọ́n sì tún tan Cinebench fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó dúró sí 84 °C. Ìṣirò rẹ̀ kò le: ẹ yọ ooru yàrá kúrò nínú ooru processor, kí ẹ fi wáàtì pín in. 84 dín 27 jẹ́ 57. Ẹ fi 65 pín in, ó jẹ́ 0.88. Ìyẹn ni pé wáàtì kọ̀ọ̀kan ń gbé ooru sókè ní 0.88 °C. Cooler onílé gogoro kan tí wọ́n dè dáadáa lórí processor yìí yẹ kó wà láàárín 0.3 sí 0.4. Nọ́ńbà yìí ṣe kókó, torí òun ni ẹ máa fi mọ̀ bóyá àtúnṣe yín ṣiṣẹ́ lóòótọ́, láìfi ti ojú ọjọ́ ṣe.

Wọ́n jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ díẹ̀ kí paste, ohun rírọ̀ tí wọ́n ń fi sáàárín processor àti cooler, lè rọ̀, wọ́n pa á, wọ́n yọ wáyà iná lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n tú síkúrù cooler ní ìfagun-sí-ìfagun, ìyẹn láti igun kan sí igun tó dojú kọ ọ́, díẹ̀díẹ̀, wọ́n yí cooler díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì kí wọ́n tó gbé e sókè. Lórí LGA1700, irin tó de processor mọ́lẹ̀ kò ní jẹ́ kó bá cooler jáde. Lórí socket AM4 ti AMD, kò sí ohun tó dè é lókè, ẹni tó bá fà á gan-an láìkọ́kọ́ yí i lè fa processor yọ pẹ̀lú gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹsẹ̀ náà sì tẹ̀.

Ojú paste ló sọ gbogbo rẹ̀. Kò sí ọ̀rá ìbòjú tí wọ́n gbàgbé sí ìsàlẹ̀ cooler, ìyẹn àṣìṣe kan tó wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n paste tó wà láàárín nípọn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, ó tilẹ̀ fà sókè ní ṣóńṣó ṣóńṣó níbi tí ojú méjèèjì ti pínyà. Ibi tí wọ́n bá tẹ cooler mọ́lẹ̀ dáadáa, paste àárín á fẹ́lẹ́ débi tí irin á fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn lábẹ́ rẹ̀, èyí tó ṣẹ́ kù á sì ti sá lọ sí etí. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀ níbì kankan. Ó dà bí áyọ́ọ̀nù tí wọ́n gbé sókè díẹ̀ kúrò lórí aṣọ: ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò kan ohun tó fẹ́ ṣiṣẹ́ lé lórí.

Bàbà ń gbé ooru kọjá ní nǹkan bí 400 W/m·K. Nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ sára paste tó dára kì í sábà ju 5 sí 12 lọ. Iṣẹ́ paste ni láti dí àwọn ihò wínníwínní tí ojú irin méjì fi sílẹ̀. Bó bá di ìpele tó nípọn láàárín wọn, ó ti di ìdènà nìyẹn, bó ti wù kó jẹ́ ojúlówó tó.

Kí ló wá dé tí cooler kò fi sọ̀ kalẹ̀? Àwọn òpó irin kékeré tí wọ́n fi gbé e ró ni. Inú páálí cooler náà, oríṣi òpó àti àwo ẹ̀yìn tó wà níbẹ̀ ju ọ̀kan lọ, torí wọ́n ṣe é fún ọ̀pọ̀ socket. Èyí tí wọ́n lò ni ti LGA1200. Ihò cooler lórí LGA1200 jìnnà síra ní 75 mm, ti LGA1700 jìnnà ní 78 mm, nítorí náà ẹni tó bá mú èyí tí kì í ṣe tirẹ̀ kì í sábà rí i kì bọnú ihò, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn motherboard kan wà tí wọ́n lu ihò méjèèjì sí, kí àwọn tó ní cooler àtijọ́ lè rí i lò. Irú rẹ̀ ni motherboard yìí. Ohun èlò LGA1200 wọlé wẹ́rẹ́, gbogbo síkúrù sì dé ìparí.

Ohun tí kò hàn sójú ni gíga. Láti orí motherboard dé orí processor, LGA1700 fi nǹkan bí 0.7 sí 0.8 mm rẹlẹ̀ ju LGA1200 lọ. Òpó LGA1200 ga ju bó ṣe yẹ ní ìwọ̀n yẹn gan-an. Síkúrù cooler yìí ní èjìká tó máa ń dá a dúró níbi tí sípíríǹgì rẹ̀ ti tẹ̀ tó. Èjìká yẹn kan òpó kí sípíríǹgì tó rí ohunkóhun tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń yí i á rí i pé síkúrù ti le, kò lọ mọ́, á sì gbà pé iṣẹ́ ti parí. Ẹ̀bi ọwọ́ kọ́ o. Líle síkúrù ò fi hàn pé cooler tẹ processor. Ohun kan tó lè fi hàn kí ẹ tó tan ẹ̀rọ ni kí ẹ di cooler mú ní ìsàlẹ̀, kí ẹ rọra gbìyànjú láti yí i. Èyí tó tẹ̀ mọ́lẹ̀ kì í mì. Èyí ń mì díẹ̀, tí ẹnikẹ́ni bá wá a.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gba pẹ́. Wọ́n fi isopropyl alcohol tó ju 90% lọ àti aṣọ tí kì í tú òwú nu ìsàlẹ̀ cooler àti orí processor títí kò fi sí àwọ̀ eérú kankan lára aṣọ mọ́. Wọn kò yọ processor kúrò nínú socket: àwọn ẹsẹ̀ tó wà nínú LGA1700 jẹ́ 1,700, wọ́n fẹ́lẹ́, kò sì sí ìdí láti ṣí wọn sílẹ̀. Wọ́n wá fi òpó àti àwo ẹ̀yìn LGA1700 sínú ihò 78 mm.

Ní ti paste, processor LGA1700 gùn ju fífẹ̀ rẹ̀ lọ, 45 sí 37.5 mm. Ẹ̀kán kan láàárín, èyí tó máa ń tó fún àwọn tó jẹ́ onígun mẹ́rin dọ́gba, lè má dé ìpẹ̀kun òkè àti ìsàlẹ̀. Wọ́n fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì kọjá ara wọn láti igun dé igun bí X. Bí ó bá pọ̀ jù díẹ̀, etí ló máa sá lọ, kò ba nǹkan jẹ́. Kí ó má tó ni kí ẹ yẹra fún. Wọ́n gbé cooler kalẹ̀ ní tààrà, lẹ́ẹ̀kan. Bí cooler bá ti kan paste tí ẹ sì tún gbé e sókè, ẹ nu ú kúrò kí ẹ tún un ṣe, torí afẹ́fẹ́ á ti há sáàárín. Wọ́n yí síkúrù kọ̀ọ̀kan ní ìlàjì ìyípo, èyí sí tòun tó dojú kọ ọ́ ní ìfagun, títí gbogbo wọn fi dúró. Ẹni tó bá fún ọ̀kan le tán kó tó kan èyí tó kàn, ẹ̀gbẹ́ kan ni cooler rẹ̀ máa dà sí.

Pẹ̀lú 65 W kan náà, yàrá 27 °C kan náà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá kan náà, processor dúró sí 51 °C. 24 tí a fi 65 pín: 0.37. BIOS ń kà 38 °C báyìí, Windows tí kò ṣe nǹkan kan sì ń kà 34.

Ọ̀rọ̀ kò tíì tán síbẹ̀. Wọ́n dá gbèdéke iná padà sí bí motherboard ṣe gbé e wá, ìyẹn 4096 W. Nọ́ńbà yẹn ò ní ìtumọ̀ kankan ju pé wọ́n ti yọ gbèdéke kúrò, ọ̀pọ̀ motherboard ló sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí àmì tí Cinebench ń fún wọn lè ga ju ti ẹlòmíràn. 125 W ni Intel kọ fún 12700K lórí iṣẹ́ tó ń bá a lọ, 190 W sì ni òkè rẹ̀. Láìsí gbèdéke, Cinebench gbé e dé 188 W àti 97 °C. Kò dín eré kù, ṣùgbọ́n 3 °C péré ló kù. Bí yàrá bá gbóná dé 31 °C, tàbí eruku dí ojú fáànù díẹ̀, ó ti padà síbi tó ti wá. Prime95 Small FFTs, ìdánwò tó le ju Cinebench lọ, kàn án mọ́ 100 °C lójú ẹsẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi ìdè mọ́. 0.37 lọ́nà 190, ká fi 27 kún un, jẹ́ 97. Ohun tí cooler yìí lè ṣe nìyẹn, ó sì ń ṣe é.

150 W ni wọ́n fi PL1 àti PL2 sí. Ìṣirò sọ 82 tàbí 83 °C, ìdánwò náà sì fún wọn ní 82. P-core lọ sí nǹkan bí 4.4 GHz lórí iṣẹ́ tó gba gbogbo core, lórí géèmù kò sì sí ìyàtọ̀, torí géèmù kì í sábà jẹ tó 150 W lórí processor yìí. Lójú tiwa, ìpinnu tó yẹ nìyí fún cooler onílé gogoro kan. Ìwọ̀nba MHz tó ń bẹ láàárín 150 àti 190 W, ooru tó ń gbà á pọ̀ ju èrè rẹ̀ lọ.

Wọ́n tún dín fọ́ltéèjì kù ní 0.05 V, ní ìgbésẹ̀ 0.01 sí 0.02, pẹ̀lú ìdánwò lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan. Ẹ máa wo àmì Cinebench pẹ̀lú ooru. Bí ooru bá wálẹ̀ ṣùgbọ́n àmì náà já bọ́ pẹ̀lú rẹ̀ nígbà tí GHz tó ń kọ kò yí padà, eré tí processor ń sá gan-an kò tó èyí tó ń kọ ni, ẹ dá fọ́ltéèjì padà sókè díẹ̀. Bí HWiNFO64 bá ń ka WHEA error (àṣìṣe tí ẹ̀yà ẹ̀rọ ròyìn fún Windows), tàbí ojú ìwòran bá di búlúù, ẹ ti kọjá ààlà.

Fáànù gba ìtò kékeré kan: 40% títí dé 50 °C, 70% ní 70 °C, gbogbo agbára láti 85 °C lọ, pẹ̀lú ìdádúró ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta kó tó dá sí ìyípadà. Ooru core máa ń fò sókè sódò bí ẹ bá kàn ṣí fáìlì kan. Láìsí ìdádúró yẹn, fáànù á máa hu sókè sódò ní gbogbo ìgbà.

Ẹnì kan lè béèrè nípa férémù tí wọ́n ń fi rọ́pò irin tó de processor lórí LGA1700. Òótọ́ ni pé irin yẹn máa ń tẹ processor ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tí àárín rẹ̀ fi ń wọnú díẹ̀, férémù sì lè mú ìwọ̀nba °C wálẹ̀. Ṣùgbọ́n Intel ti sọ pé ẹni tó bá tú ìdè socket náà lè pàdánù wáráńtì, bẹ́ẹ̀ férémù tí wọ́n fún le jù sì lè mú kí RAM kan má hàn mọ́. Kò sí ìdí fún un níbí, 0.37 ti tó.

Kí ẹni tó ní ẹ̀rọ mìíràn má sì gbé àwọn nọ́ńbà yìí lé e bó ṣe wà. Ryzen 7 7700X àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà nínú ìran 7000 máa ń lọ sí 95 °C lórí iṣẹ́ tó gba gbogbo core, bí AMD ṣe ṣe wọ́n nìyẹn. Ẹni tó ní Intel ìran 13 tàbí 14, kí ó fi BIOS tó ní microcode (ìtọ́ni tó ń darí processor) 0x129 tàbí èyí tó tuntun ju bẹ́ẹ̀ lọ sórí motherboard rẹ̀ kí ó tó wọn ohunkóhun. Láti August 2024 ló ti wà, ọ̀rọ̀ fọ́ltéèjì tó ń ga jù ni wọ́n fi tún ṣe. Lórí cooler olómi, ẹ wo bóyá pọ́ǹpù ń yí. Bí páìpù kan bá gbóná tí èkejì sì tutù, omi kò lọ yí ká.

Ohun tí wọ́n wò kẹ́yìn ni ìyàtọ̀ láàárín àwọn P-core mẹ́jọ lábẹ́ 150 W. Èyí tó gbóná jù fi 6 °C ju èyí tó tutù jù lọ, ó sì wà bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan. Bí ìyàtọ̀ yẹn bá ju 15 °C lọ lórí ẹ̀rọ yín, tí àwọn core tó gbóná sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà, cooler dà sí ẹ̀gbẹ́ kan ni. Ẹ tú síkúrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ nu paste kúrò, kí ẹ sì tún un dè ní ìfagun.